Òmùwẹ̀ Lórí Òkè Funfun

Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán lù. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2012, lórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Cowboy Mountain, ní Stevens Pass, ìpínlẹ̀ Washington, l'Amẹ́ríkà. Òjò dídì ti rọ̀ mọ́jú. Ó bo igi, ó bo àpáta, ó funfun bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ kankan lára rẹ̀.

Ènìyàn bíi mẹ́rìndínlógún dúró níbẹ̀, wọ́n ti de síkì mọ́ bàtà wọn. Wọn kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Adájọ́ àgbà fún ìdíje síkì àgbáyé wà láàrin wọn. Àwọn tó ń fi ìwé ìròyìn síkì jẹun wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn mọ òkè náà bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ka ìkìlọ̀ tí àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ àti òjò dídì níbẹ̀ gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì mọ̀ pé kò sọ ohun tó dùn.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo wọn má baà wúwo lé òkè náà lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ dé abẹ́ igi láyọ̀. Lẹ́yìn náà ni òkè sán. Ojú òjò dídì náà là bí àwo tánńganran ṣe ń là, ẹ̀gbẹ́ òkè kan odindi sì ṣí kúrò níbi tó wà.

Àwọn mẹ́rin ló wọ́ lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó gbé wọn gba inú àfonífojì tóóró tó ń jẹ́ Tunnel Creek, láàrin igi àti òkúta, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà láti òkè. Ọkùnrin mẹ́ta kú. Obìnrin kan yè. Ó ti fa okùn àpò afẹ́fẹ́ tó gbé sẹ́yìn, àpò náà wú, ó sì gbé e léfòó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ló hàn síta. Gbogbo ara yòókù wà nínú funfun, kò ṣeé mì.

Oníròyìn John Branch kọ ìtàn ọjọ́ náà fún ìwé ìròyìn New York Times níparí ọdún yẹn, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún 2013. Ẹni tó bá kà á kò ní tètè gbàgbé. Ohun tó gbé mi lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ kò sí lára òjò dídì, ara àwọn ènìyàn náà ló wà. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní irinṣẹ́. Wọ́n ní ìrírí. Àwọn bàbá wa ló sọ pé òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ, n kò sì tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ tó bó ṣe ń ṣẹ lórí òkè wọ̀nyí.

Kí ló ń ya?

Bíbélì Yorùbá pè é ní òjò dídì. Ọ̀pọ̀ wa ń pè é ní yìnyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ń já lu páànù wa gbàgà gbàgà nígbà òjò àkọ́rọ̀ gan-an ni yìnyín. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń pè é ní sínóò. Èyí tó máa ń ya láti ẹ̀gbẹ́ òkè, tí òyìnbó ń pè ní avalanche, mo máa pè é ní ìyalulẹ̀ níbí, torí bí etí odò àti ẹ̀bá kòtò àgbàrá ṣe ń ya nígbà òjò náà ló ṣe ń ya.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan bíńtín, ó ń fẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá tú ìyẹ̀fun sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pátákó. Ìyẹn kì í sábà pa ènìyàn. Èkejì ni apààyàn. Pẹpẹ òjò dídì kan, tó lè fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, yóò já kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó fà á á sì wà láàrin rẹ̀. Kò ní rí etí pẹpẹ náà tí yóò sá dé.

Láti mọ ohun tó ń mú un já, ẹ rántí bí àwọn àgbà ṣe ń mọ ilé alámọ̀. Wọ́n á gbé ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé ìkejì lé e. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá di èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ mú, ilé náà á pẹ́ láyé. Ká wá ní ọ̀mọlé kan da gàárì gbígbẹ sáàrin ìpele kejì àti ìkẹta. Ìpele òkè lè le bí òkúta, ṣùgbọ́n kò jókòó lórí nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òjò dídì ń to ara rẹ̀ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù títí dé ìparí. Gbogbo ìjì tó bá jà ń fi ìpele tirẹ̀ kún un. Gbogbo oòrùn, gbogbo atẹ́gùn, gbogbo òru tó mọ́ kedere ń fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kọkànlá lè pa ènìyàn lóṣù Kejì.

Gàárì tó wà nísàlẹ̀

Gàárì yẹn kì í ṣe àfiwé lásán. Ilẹ̀ tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀ kì í sábà tutù ju bí omi ṣe ń dì lọ, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkè lè tutù dé 20 dígírì sísàlẹ̀ òdo. Bí òjò dídì ilẹ̀ bá tín-ín-rín, ìyàtọ̀ yẹn á há sáàrin ìwọ̀nba àyè díẹ̀. Ooru ilẹ̀ á máa gbé èéfín omi gòkè gba inú rẹ̀. Àwọn ẹyọ òjò dídì tó ti so mọ́ra á tú, wọ́n á di hóró onígun mẹ́rin, onígun mẹ́fà, tí kò fẹ́ bá ara wọn ṣe. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fún un: kò ní ṣù. Yóò dà láàrin ìka yín. Àwọn onísíkì ń pè é ní ṣúgà.

Àwọn onímọ̀ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń lò: bí òtútù bá fi dígírì kan yàtọ̀ láàrin sẹ́ńtímítà 10, ṣúgà yẹn ti lè máa hù. Ìdí nìyí tí àwọn òkè Colorado fi burú. Wọ́n jìnnà sí òkun, òtútù wọn mú, òjò dídì wọn sì máa ń tín-ín-rín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gìnnìtìn. Nítorí náà ẹni tó bá ronú pé ibi tí òjò dídì bá ti pọ̀ jù ni ewu pọ̀ jù ń tan ara rẹ̀ jẹ. Nígbà mìíràn, èyí tó tín-ín-rín ló ń pa ìbàjẹ́ mọ́ sábẹ́.

Òmíràn tún wà tó rẹwà ju ìyẹn lọ, tó sì jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ jù ú lọ. Lóru tó mọ́, tí kò sí ìkùukùu, tí atẹ́gùn sì rọlẹ̀, èéfín omi inú afẹ́fẹ́ á dì sórí òjò dídì, yóò di ìrì dídì. Tó bá di àárọ̀, ó ti hù bí ìyẹ́ ẹyẹ, ó ń dán nínú oòrùn. Àwọn ènìyàn máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Bí ìjì tuntun bá wá bò ó mọ́lẹ̀ kó tó fọ́, ìyẹ́ wọ̀nyẹn á dúró lóòró nínú òkùnkùn bí igi ìṣáná tí wọ́n tò sábẹ́ pátákó. Wọ́n lè gbé ẹrù tó wà lórí wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ọ̀kan bá wó, ó ti èkejì lulẹ̀, ìwó náà á sì sáré lọ lábẹ́ òkè ju bí ojú ṣe lè tẹ̀ lé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Stevens Pass nìyẹn. Ojú ọjọ́ mọ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2012, ìrì dì sórí òkè. Ìjì dé, ó kó òjò dídì tuntun lé e. Ọjọ́ Àìkú yẹn ni àwọn ènìyàn gun orí rẹ̀.

Atẹ́gùn náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀ràn yìí. Ó ń gbá òjò dídì kúrò lápá òkè tó dojú kọ ọ́, ó ń dà á sí apá kejì, ìkójọ náà sì lè yá ju bí òjò fúnra rẹ̀ ṣe ń rọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ojú ọ̀run lè mọ́ roro, kí òkè máa kún.

Igun tó ń tan ènìyàn

Kì í ṣe gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń ya. Èyí tó dà jù kì í gbà kí òjò dídì jọ sí i lára, díẹ̀díẹ̀ ló ń ré e dànù. Èyí tó tẹ́ jù kò ní agbára láti fà á. Láàrin 30 dígírì àti 45 ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń já, àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dà dáadáa sì wà ní nǹkan bíi 35. Ẹni tó bá dúró lórí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀, kó wo ìsàlẹ̀, ti rí igun ikú.

Igun yẹn kan náà ló dùn ún fi síkì sáré. Bó bá tẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, síkì kò ní yá. Ibi tí adùn wà ni ewu wà, láìsí ìgbésẹ̀ kan láàrin wọn.

Ó yẹ ká mọ̀ pé nínú ọgbà síkì, àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń jí ní ìdájí, wọ́n á ju ohun abúgbàmù sí ẹ̀gbẹ́ òkè kó lè ya kí oníbàárà tó dé. Níwájú géètì ọgbà, iṣẹ́ wọn parí. Tunnel Creek wà lẹ́yìn géètì. Orí àga tí wáyà ń fà gòkè ni wọ́n ti sọ̀, wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n sì ti kúrò níbi tí ẹnikẹ́ni ti ń bá wọn ṣọ́ òkè. Láti ibẹ̀ lọ, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: nínú ìyalulẹ̀ mẹ́wàá tó bá bo onísíkì mọ́lẹ̀, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tó bá a jáde, ló fi ẹsẹ̀ tú u. Òkè kò wá wọn kiri.

Ó sì máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀. Bí ènìyàn bá ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tó gbọ́ "wùúmù" lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ mí kanlẹ̀, ìpele abẹ́ ló wó yẹn. Bí ìlà bá ń sá kúrò níbi ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí gíláàsì bá ń sán, ìkìlọ̀ ni. Bí òkè tó kọjú sí i bá ti ya láàárọ̀, ìkìlọ̀ tó ga jù nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú irin ti Wellington

Kò jìnnà rárá sí ibi tí àwọn mẹ́ta yẹn kú sí ni ibi tí ìyalulẹ̀ tó pa ènìyàn jù lọ nínú ìtàn Amẹ́ríkà ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú wọn.

Lóṣù Kejì ọdún 1910, ọkọ̀ ojú irin méjì ti ilé iṣẹ́ Great Northern há sí abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ Wellington. Ọ̀kan kó èrò, ọ̀kan kó lẹ́tà. Òjò dídì ti dí ojú irin níwájú, ó dí i lẹ́yìn. Ọjọ́ gorí ọjọ́, èédú tí wọ́n fi ń dáná ń tán lọ. Àwọn èrò ń wo ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà lókè orí wọn, èyí tí iná ti jó igbó rẹ̀ run tẹ́lẹ̀, tí kò fi sí igi tí yóò di ohunkóhun mú. Àwọn kan kò lè fara dà á mọ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn jáde nínú òtútù náà. Ìyẹn ló gbà wọ́n là.

Kété lẹ́yìn aago kan òru, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, òjò olómi rọ̀, àrá sán, òkè sì ya. Ó gbá ọkọ̀ méjèèjì, àti èrò inú wọn, sínú àfonífojì. Ènìyàn 96 ló kú. Mẹ́tàlélógún péré ló yè é.

Ilé iṣẹ́ náà yí orúkọ abúlé yẹn padà sí Tye, torí Wellington ti di orúkọ tí ẹ̀rù ń ba èrò láti gbọ́. Lọ́dún 1929, wọ́n parí ihò gígùn tuntun sábẹ́ òkè, wọ́n sì pa ojú irin àtijọ́ tì. Lónìí, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn ní ojú ọ̀nà náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàrin òdòdó, wọ́n sì ń ka pátákó tí wọ́n fi sàmì ibẹ̀.

Mo gbé ọ̀ràn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nítorí ohun kan. Àwọn ará Wellington kò yan òkè náà, òkè ló há wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Galtür ní Austria, níbi tí òjò dídì ti ya wọ àárín abúlé lọ́jọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1999, tó pa ènìyàn 31, tí Valzur ìtòsí rẹ̀ sì pàdánù 7 lọ́jọ́ kejì. Látìgbà tí ìyalulẹ̀ ìgbà òtútù ọdún 1951 ti pa ènìyàn 98 ní Switzerland nìkan ni ìjọba ibẹ̀ ti túbọ̀ ń fi irin àti igi ṣe ọgbà sórí òkè láti di òjò dídì mú. Ìmọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ yẹn ni UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ogún ìbílẹ̀ àgbáyé lọ́dún 2018, lórúkọ Switzerland àti Austria. Ìjọba lè dáàbò bo abúlé. Kò sí ìjọba tó lè ṣe ọgbà irin yí gbogbo òkè ayé ká fún ẹni tó fẹ́ gùn ún fúnra rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Nígbà tó bá ń sáré, òjò dídì náà dà bí omi. Bó bá ti dúró, símẹ́ńtì ni. Ohun tí àwọn tó là á já ń sọ nìyẹn, láti Kánádà dé Faransé: n kò lè mi ìka ọwọ́ mi. Àwọn kan kò mọ ibi tí òkè wà àti ibi tí ìsàlẹ̀ wà, àfi nígbà tí itọ́ dà lẹ́nu wọn, tí wọ́n mọ apá ibi tó ń ṣàn sí.

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń kú ló jẹ́ pé igi àti òkúta ti pa wọ́n kí òjò dídì tó dúró. Àwọn yòókù, èémí ló ń pa wọ́n. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n mí síta ni wọ́n tún ń fà wọlé, tí kò sí nǹkan rere mọ́ nínú rẹ̀. Omi inú èémí ń dì sójú wọn, ó ń di ìbòjú yìnyín tí kò gba afẹ́fẹ́ láàyè.

Bí wọ́n bá hú ènìyàn jáde láàrin ìṣẹ́jú 15, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè. Tó bá di ìṣẹ́jú 35, ó ti já sí mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ìwádìí kan lórí àwọn ìyalulẹ̀ Switzerland, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024, tilẹ̀ sọ pé ìṣẹ́jú 10 ló yẹ ká máa kà báyìí, kì í ṣe 15.

Ẹ ronú sí i. Hẹlikọ́pítà wo ló máa dé orí òkè láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ọ̀pọ̀ wa ló ti rí àwòrán ajá ńlá tó gbé àgbá kékeré kọ́rùn, tó ń wá àwọn tó sọnù nínú òjò dídì. Barry, tó lókìkí jù nínú wọn, gbé ilé àwọn mọ́ńkì ní Great St Bernard láàrin ọdún 1800 sí 1812, wọ́n sì ní ó gba ẹ̀mí tó lé ní 40 là. Awọ rẹ̀ ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù ìlú Bern. Ajá rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀ kò lè dúró de ajá.

Àwọn tó bá a jáde nìkan ni ìrètí rẹ̀. Nítorí náà ni gbogbo wọn fi gbọ́dọ̀ gbé ohun mẹ́ta. Ẹ̀rọ rédíò kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ àyà, tó ń fọhùn ní 457 kHz, tí ti ẹnì kejì sì ń gbọ́. Ọ̀pá gígùn tó ṣeé ká, tí wọ́n fi ń gún òjò dídì títí tí yóò fi kan ara. Ṣọ́bìrì onírin. Òjò dídì tó ti ya máa ń wúwo tó 400 kílò ní mítà kan níbùú, lóròó àti nínà. Ẹni tó bá fẹ́ hú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti mítà kan sísàlẹ̀ ní ju tọ́ọ̀nù kan láti kó, ọkàn rẹ̀ á sì máa ka ìṣẹ́jú. Ọwọ́ lásán kò lè ṣe é. Gbogbo ohun mẹ́ta yìí ni àwọn ará Tunnel Creek ní, wọ́n sì rí ọ̀rẹ́ wọn hú. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n hú ti kú kí ọwọ́ tó kàn wọ́n.

Nọ́ńbà tó wà láàrin

Láti Kánádà dé Austria, ìkìlọ̀ ojoojúmọ́ ń fi nọ́ńbà 1 sí 5 sọ bí ewu ṣe tó. Ọ̀kan: ewu kéré. Márùn-ún: kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọjọ́ 4 àti 5 ni àwọn ènìyàn ń kú jù. Rárá o. Ọjọ́ 3 ni.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Lọ́jọ́ 5, òkè ń bú ramúramù, ọ̀nà ti dí, gbogbo ènìyàn wà nílé. Lọ́jọ́ 3, oòrùn lè yọ, òjò dídì tuntun sì wà nílẹ̀. Nọ́ńbà 3 wà láàrin, ó sì dà bí "kò burú, kò dára." Ohun tó ń sọ gan-an ni pé ó rọrùn fún ènìyàn kan ṣoṣo láti fi ìwọ̀n ara rẹ̀ tú òkè. Lójú tèmi, àárín tí wọ́n fi nọ́ńbà yẹn sí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí ẹnì kan bá ní kí o kọjá títì tí ewu rẹ̀ jẹ́ 3 nínú 5, ṣé o máa kọjá?

Ẹnu tí kò ṣí

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé nìyí. Lọ́dún 2004, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Ian McCammon gbé ìwádìí jáde lórí jàǹbá ìyalulẹ̀ 715 tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jáde lọ gbafẹ́ ní Amẹ́ríkà. Kò wo òjò dídì, ènìyàn ló wò. Ó rí i pé ìmọ̀ nìkan kò gbà wọ́n. Ní ibi tí wọ́n mọ̀ dunjú, àwọn tó kàwé jinlẹ̀ nípa ìyalulẹ̀ kó ara wọn sínú ewu tó bá ti àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ kàwé mu. Wọ́n ti gba ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì ya. Wọ́n wá ń ka ẹ̀bùn orí sí ọgbọ́n.

Ó tún rí i pé àwọn ènìyàn ń tẹ̀lé ẹni tó dà bí ọ̀gá nínú wọn, yálà ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá rí ipa síkì ẹlòmíràn lórí òkè, ọkàn wọn á balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀nba òjò dídì tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ ló kù, wọ́n á sáré kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí òkè mọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn tó yè ní Stevens Pass sọ lẹ́yìn náà pé ara fu àwọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èrò náà pọ̀ jù. Ọ̀nà náà kò dá wọn lójú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kó sọ pé ká má lọ? Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rò pé bí ewu bá wà, ẹlòmíràn á ti sọ ọ́. Gbogbo wọn dákẹ́ fún ara wọn.

Mo rò pé àwa Yorùbá yẹ ká ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í já àgbà lẹ́nu, a kì í ba afẹ́ ẹgbẹ́ jẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìrìn àjò orí òkè ní òfin kan tó kọjú sí i: ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, ì báà ṣe ẹni tó kéré jù, tó bá sọ pé òun kò fẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ á padà. A kì í bi í léèrè ìdí. A kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ láti dákẹ́ níwájú àgbà nílò ẹni tí yóò sọ fún un ṣáájú pé lórí òkè, ohùn rẹ̀ tó ohùn gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2003, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́rìnlá láti ìtòsí Calgary, ní Kánádà, jáde pẹ̀lú àgbàlagbà mẹ́ta ní Connaught Creek, ní Rogers Pass. Òkè ya láti òkè réré, ó sì bò wọ́n. Ọmọ méje kú. Ní ọjọ́ méjìlá ṣáájú ìyẹn, méje mìíràn ti kú nínú ìyalulẹ̀ lórí òkè mìíràn ní agbègbè kan náà, ọ̀kan lára wọn sì ni Craig Kelly, tó jẹ́ olókìkí àgbáyé nínú eré snowboard. Nínú ẹkún yẹn ni Kánádà ti dá àjọ tó ń kìlọ̀ fún gbogbo ìlú sílẹ̀ lọ́dún 2004, tí àwọn alábòójútó ọgbà ìjọba sì ya gbogbo ọ̀nà orí òkè sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ewu rẹ̀ ṣe tó, kí òbí àti olùkọ́ lè mọ ibi tó yẹ ọmọdé àti ibi tí kò yẹ ẹ́. Ọmọ méje ló ná wọn.

Àwọn tiwa tó wà níbẹ̀

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìbàdàn nínú òjò dídì. Calgary tí mo dárúkọ yẹn, àwọn ìdílé Yorùbá kún ibẹ̀ báyìí. Wọ́n wà ní Denver, wọ́n wà ní Seattle, tí Stevens Pass kò ju wákàtí méjì lọ́kọ̀ sí. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní wo òkè bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wò ó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pè é, ilé ìwé á kó wọn lọ. Ìyá tó bá kàn sọ pé "má lọ, òtútù wà níbẹ̀" ti dáhùn ìbéèrè tí ọmọ náà kò bi í.

Àwọn ará Britain náà kò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn kọ́ nìyí. Ní Lewes, nítòsí Brighton, lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1836, òjò dídì tó jọ sí etí òkè kan ya lu àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ kú. Ilé ọtí kan ṣì wà lójú ibẹ̀ dòní tí wọ́n ń pè ní Snowdrop. Scotland sì ń gbé ìkìlọ̀ tirẹ̀ jáde lójoojúmọ́ nígbà òtútù, fún Ben Nevis, fún Glencoe, fún àwọn òkè Cairngorms, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ń lọ lópin ọ̀sẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìkìlọ̀ wọ̀nyí. Ti Kánádà wà lọ́dọ̀ Avalanche Canada. Ti Amẹ́ríkà, gbogbo rẹ̀ ló pé jọ sí avalanche.org. Ti Scotland wà lọ́dọ̀ Scottish Avalanche Information Service. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lọ sórí òkè, ẹ bá a kà á ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, kó tó wọ bàtà. Ẹ bi í bóyá ẹ̀rọ rédíò rẹ̀ wà ní títàn, bóyá ó ti fi ọ̀pá àti ṣọ́bìrì dánra wò rí, àti ta ni yóò hú u. Kí ẹ sì sọ fún un, kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, pé bí ara bá fu ú lókè níbẹ̀, kó sọ ọ́ sókè, kó sì padà sílé. Ẹ máa pa oúnjẹ rẹ̀ mọ́ dè é.